Bí A Ṣe Ń Rán Bàlúùnù Lọ sí Òkè Réré, Tí A sì Ń Fi Rédíò Tọpasẹ̀ Rẹ̀

Bàlúùnù rọ́bà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń wọn afẹ́fẹ́ lè gbé àpótí kékeré kan kọjá 30 kìlómítà sókè, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta gíga tí ọkọ̀ òfuurufú akérò máa ń fò dé. Òkè yẹn ni yóò ti bẹ́, tí àpótí náà yóò sì fi párásúùtì sọ̀ kalẹ̀ sí oko tàbí igbó kan tí ó lè jìnnà tó 100 kìlómítà sí ibi tí ẹ ti tú u sílẹ̀. Láti mú un gòkè kò le púpọ̀. Inú rírí i padà ni iṣẹ́ wà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kí ó parí ọ̀rọ̀ rédíò kí ó tó ra gáàsì, ìlànà tí mo sì là sílẹ̀ níhìn-ín tẹ̀ lé ètò yẹn. Amẹ́ríkà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òfin rẹ̀ hàn kedere, àwọn ibùdó rédíò tí ó lè gbọ́ bàlúùnù sì wà káàkiri ibẹ̀.

Òfin ni ó kọ́kọ́ kàn. Àjọ FAA, tí ń mójú tó òfuurufú, kọ ọ̀rọ̀ bàlúùnù tí kò gbé ènìyàn sí apá 101 nínú ìlànà rẹ̀. Bí àpótí kọ̀ọ̀kan kò bá wúwo ju pọ́ùn 6 lọ, tí gbogbo àpótí lápapọ̀ kò ju pọ́ùn 12 lọ, tí okùn tí ó so wọ́n mọ́ bàlúùnù sì lè já bí agbára pọ́ùn 50 bá kọlù ú lójijì, ẹ bọ́ lọ́wọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlànà náà. Àpótí tí ó bá ju pọ́ùn 4 lọ tún ní ìdíwọ̀n mìíràn: ìwúwo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju áúńsì 3 lọ lórí ínǹsì onígun mẹ́rin kan ní ojú èyíkéyìí, nítorí pé ẹrù kékeré tí ó ki ni ó lè ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní jàǹbá jù. Ní tèmi, kìlógíráàmù kan péré ti tó fún ẹ̀rọ, kámẹ́rà àti bátìrì, kò sì sí ìdí tí olùbẹ̀rẹ̀ yóò fi sún mọ́ òpin òfin. Bí òfin kò tilẹ̀ fi dandan lé e fún bàlúùnù kékeré, ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣẹ òfuurufú mọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ó ti tú u sílẹ̀, kí wọ́n lè ta àwọn awakọ̀ òfuurufú lólobó.

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé fóònù alágbèéká tí a fi sínú àpótí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Àjọ FCC, tí ń mójú tó rédíò àti fóònù ní Amẹ́ríkà, kà á léèwọ̀ láti lo fóònù bẹ́ẹ̀ nínú bàlúùnù tí ó wà lókè, bí wọn kò bá sì kà á léèwọ̀ pàápàá, ilẹ̀ ni àwọn òpó fóònù kọjú èríálì wọn sí. Rédíò ni ẹ nílò. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ amateur radio, ìyẹn rédíò àwọn tí kì í fi í ṣe òwò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ham. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, Technician, tó fún iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè 35 ni ìdánwò náà, ẹni tí ó bá sì gba 26 ti yege. Ìgbà náà ni wọn yóò fún un ní àmì ìpè tirẹ̀, èyí tí bàlúùnù yóò máa fi pe ara rẹ̀.

Ètò tí ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni APRS, ètò tí ń fi rédíò sọ ibi tí nǹkan wà, tí Bob Bruninga, onímọ̀ rédíò ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀, tí wọ́n sì ń lò lórí 144.390 MHz ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹ̀rọ kékeré inú àpótí máa ń gba ibi tí ó wà àti gíga rẹ̀ láti inú GPS, yóò sì sọ ọ́ jáde ní ohùn rédíò kúkúrú kan. Ibùdó atúnsọ tí ó bá gbọ́ ọ yóò tún un sọ, àwọn ibùdó mìíràn yóò gbé e wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì máa rí i lórí máàpù aprs.fi. Ó ti di àṣà pé kí bàlúùnù fi -11 kún ìparí àmì ìpè rẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè mọ̀ pé ohun tí ń fò ni.

Agbára ìdajì wáàtì tó fún rédíò inú àpótí. Kò sí òkè, kò sí ilé tí yóò dí i lọ́nà. Láti 30 kìlómítà sókè, ibi tí ó lè wò lórí ilẹ̀ ju 600 kìlómítà lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, nítorí pé láti inú àǹfààní yìí gan-an ni aburú kan ti ń wá. Ọkọ̀ tí ń rìn lórí títì máa ń bẹ àwọn ibùdó atúnsọ pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì, nípa kíkọ WIDE1-1 àti WIDE2-1 sí ipa ọ̀nà rẹ̀. Bí bàlúùnù bá bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti òkè, àìmọye ibùdó láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn ni yóò jùmọ̀ dáhùn, wọn yóò sì dí ìkànnì náà mọ́ gbogbo àwọn tí ń lò ó. WIDE2-1 nìkan, tí ń bẹ̀ fún àtúnsọ ẹ̀ẹ̀kan, ti tó, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì sì ni kí ó wà láàárín ìpè kan àti èkejì.

GPS tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nítorí òfin tí wọ́n ṣe kí a má baà fi GPS darí ohun ìjà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ni ó máa ń dákẹ́ bí ó bá ti kọjá 18 kìlómítà. Ẹ kò ní mọ ibi tí bàlúùnù ti bẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ó ti bẹ́ ni ìṣirò ìbalẹ̀ dúró lé. Àwọn ẹ̀rọ GPS ilé iṣẹ́ u-blox lè kọjá ibẹ̀, àfi kí a kọ́kọ́ yí wọn sí ètò fífò, èyí tí ó gbà wọ́n láyè dé 50 kìlómítà. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó, nítorí pé kò sí bí ẹ ṣe lè dán èyí wò lórí ilẹ̀.

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ṣe kúlà ni àpótí tí ó dára jù. Nǹkan bí 56 ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius ni òtútù náà máa ń dé ní òkè, bátìrì alkaline yóò sì kú síbẹ̀. Bátìrì lithium AA tí kì í ṣe alágbàṣájì ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí èríálì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sí ara rẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí yóò fi yé ẹni tí ó bá rí i pé kò léwu. Lẹ́yìn náà, ẹ tan gbogbo rẹ̀, ẹ gbé e sínú fírísà fún wákàtí mẹ́ta, tí í ṣe àkókò ìrìn rẹ̀ àti díẹ̀ sí i, kí ẹ sì rí i pé rédíò kò dákẹ́. Fírísà kò tutù tó òkè, ṣùgbọ́n àpótí tí kò bá yege níbẹ̀ kò yẹ kí ó kúrò nílé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ wò kí ẹ tó dá ọjọ́. Ètò ìṣirò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cambridge kọ́kọ́ ṣe, tí SondeHub, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí ń tọpasẹ̀ bàlúùnù, sì ń lò lónìí, tí ń fi àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ NOAA, àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, fa ìlà ibi tí bàlúùnù yóò gbà lórí máàpù. Ní ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ òkè máa ń sáré gidigidi lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì lè gbé àpótí jìnnà ju bí ẹ ti fẹ́ lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè nǹkan bí 20 kìlómítà máa ń yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, bàlúùnù a sì máa padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó bẹ́, èyí tí ó mú kí ìgbà yẹn rọrùn fún olùbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Maryland ní òkun Àtìláńtíìkì ní ìlà-oòrùn wọn, omi òkun Gulf sì wà ní ẹ̀bá Houston. Ẹ wakọ̀ wọ inú ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Kansas àti Nebraska dára púpọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, títì oko sì gba ibi púpọ̀ kọjá ní máìlì kan síra. Àsọtẹ́lẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi pinnu, bí ó bá sì fi odò, ìlú ńlá tàbí pápákọ̀ òfuurufú hàn ní ibi ìbalẹ̀, ẹ sún un síwájú láìjiyàn.

Gáàsì kò gba àlàyé púpọ̀. Fún bàlúùnù gíráàmù 1200 àti ẹrù kìlógíráàmù kan pẹ̀lú párásúùtì, ẹ máa fi hílíọ́mù sí i títí ọrùn rẹ̀ yóò fi fa òṣùwọ̀n sókè ní nǹkan bí kìlógíráàmù 2.2, yóò gba nǹkan bí mítà onígun mẹ́ta 3.3, yóò sì máa gòkè ní nǹkan bí mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò fi lo ìṣẹ́jú 100 kí ó tó dé 30 kìlómítà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rírọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí rọ́bà náà kan koríko. Háídrójìn dínwó, ṣùgbọ́n ó máa ń gbiná. Kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ má jọ̀wọ́ okùn, bí ó ti wù kí afẹ́fẹ́ máa jà tó, títí ẹ ó fi rí ìpè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí aprs.fi pẹ̀lú gíga tí ó tọ̀nà.

Bí ó bá ti gbéra, ibi tí ìṣirò ní yóò balẹ̀ sí ni kí ẹ wakọ̀ sí, ẹ má ṣe máa lé e lẹ́yìn. Ẹni tí ń wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ń wo rédíò. Bí ẹ bá dé abẹ́ bàlúùnù gan-an tí ìró rẹ̀ rẹlẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe é. Èríálì olóòró kì í fi agbára ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Gbàrà tí gíga bá bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ẹ tún ìṣirò ṣe láti ibi tí ó ti bẹ́ ní tòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò já bọ́ kíákíá, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkè kò nípọn tó èyí tí párásúùtì lè fi gbá a mú. Nígbà tí ó bá sún mọ́ ilẹ̀, yóò rọra sọ̀.

Wàhálà wà ní mítà ọgọ́rùn-ún díẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn. Àpótí tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń gbọ́ láti òkè yóò wọ ẹ̀yìn igi, àwọn ibùdó atúnsọ kò sì ní gbọ́ ọ mọ́. Ìpè ìkẹyìn lórí máàpù lè jẹ́ láti ìgbà tí ó ṣì wà ní ìdajì kìlómítà sókè. Rédíò tiyín nìkan ni yóò gbọ́ ọ láti kìlómítà díẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìhà tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ láti ibi ìpè ìkẹyìn náà, kí rédíò ọwọ́ tí ó lè ka APRS wà ní títàn. Bí ó bá gbọ́ ìpè kan ṣoṣo, yóò sọ ibi tí àpótí wà gan-an. Bí GPS bá ti kú tí rédíò rẹ̀ ṣì ń ké, èríálì Yagi, tí ń gbọ́ ìhà tí a bá kọjú rẹ̀ sí ju àwọn ìhà yòókù lọ, tí a sì lè fi irin téèpù káfíńtà ṣe, yóò fi ìhà rẹ̀ hàn yín. Bí ẹ bá ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìró náà fi kún gbogbo ìhà, ẹ gbé rédíò mọ́ àyà, kí ẹ máa yí ara yín díẹ̀díẹ̀: ìhà tí ìró bá ti rẹlẹ̀ jù, àpótí wà lẹ́yìn yín.

Ẹ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀ kí ẹ tó wọ oko rẹ̀. Bí àpótí bá há sí wáyà iná, ẹ má fi igi kàn án. Ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ pè. Bí ẹ bá ti gbé e lọ́wọ́, ẹ pa rédíò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé orí ìkànnì tí àwọn ẹlòmíràn ń lò ni ó ṣì ń ké.