Plug Dúdú Nínú Ọkọ̀ Turbo: Ẹ Má Fi Plug Gbígbóná Wò Ó

Ìwé ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Abuja, Kaduna àti agbègbè wọn, tí wọ́n fi ẹ̀yáwó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ láàárín wa ló jẹ́ kí a kọ ọ́. A ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń bu omi sí rédíétọ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ plug, ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, la bá wá, àṣìṣe kan ṣoṣo la sì fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àṣìṣe náà rèé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, bí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ṣe máa ń ṣe. Plug ń dúdú, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n nínú gosíló Nyanya. Mẹkáníìkì á yọ plug náà, á fi èyí tó gbóná jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ó ní kó lè máa jó ọ́ìlì yẹn dànù. Lóòótọ́, ìgbọ̀nrìrì á dáwọ́ dúró. Inú onímọ́tò á dùn. Lọ́jọ́ tó bá wá kó tòmátì láti Kaduna nínú ooru oṣù kẹta, tó ń sáré kí ẹrù má bàa jẹrà, piston á yọ́. Ọ́ìlì tó ń jò kò sì tíì kúrò níbi tó ti ń jò.

Ohun tí gbígbóná àti títutù túmọ̀ sí

Plug ń gba ooru nínú sílíńdà, ó sì ń gbé e fún tọ́ọ̀pù sílíńdà. Èyí tí imú funfun rẹ̀ kúrú tètè ń gbé ooru kúrò lára: òun ni plug tútù. Èyí tí imú rẹ̀ gùn máa ń pẹ́ kó tó gbé e kúrò: òun ni plug gbígbóná. Kò kan bí iná rẹ̀ ṣe ń ta tó. Ẹni tó bá ní plug gbígbóná ń ta iná tó lágbára jù, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ yín.

Imú plug gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 450°C kó tó lè jó èéfín ara rẹ̀ kúrò. Tó bá ti kọjá nǹkan bí 800°C, òun fúnra rẹ̀ á máa dáná sí epo kí àsìkò iná tó tó. Ìpele ooru ni wọ́n fi ń to plug láti gbígbóná dé tútù; láti ìpele kan sí èkejì, ìyàtọ̀ ooru imú plug jẹ́ 70°C sí 100°C. Turbo ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ sílíńdà, ooru ibẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lásán lọ. Aluminium, tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe piston, yọ́ ní 660°C.

Ẹ ka nọ́ńbà ara plug

BKR5E, BKR6E àti BKR7E ti ilé iṣẹ́ NGK tó ń ṣe plug: ìlọ́ 14 mm, gígùn ìlọ́ 19 mm, spánà 16 mm. Ihò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wọ̀. Ẹ tò wọ́n sórí káńtà ní Zuba, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín mọ́ pé "ó wọlé, ó ti dáa."

Ti NGK àti Denso, bí nọ́ńbà ìpele ooru ṣe ń pọ̀ sí i ni plug ń tutù sí i: IK22 tutù ju IK20 lọ. Ti Bosch àti Champion, òdìkejì ni: FR8DC gbóná ju FR7DC lọ. Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ń ta pátì ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, wọ́n á ní nọ́ńbà tó tóbi ló tutù, wọ́n á sì na plug Bosch sí yín. 6 ti NGK bá 20 ti Denso dọ́gba; 7 bá 22 dọ́gba. Bí ẹ bá rí BKR6EIX-11, 6 ni ìpele ooru. 11 tó wà ní ìparí ń sọ pé àlàfo ẹnu rẹ̀, ibi tí iná ti ń ta, jẹ́ 1.1 mm.

Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ fún ẹ́ńjìnnì turbo náà ni kí ẹ rà. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáṣí wá a. Sonata 2.4 tí kò ní turbo àti Sonata 2.0 turbo, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti yí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí turbo lè fẹ́ sí i, ẹ sọ ọ́ di tútù ní ìpele kan fún agbára ẹṣin 75 sí 100 tí wọ́n fi kún un. Ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Plug tó tutù jù kò ní dé 450°C nínú gosíló, á tún dúdú padà.

Bó bá dúdú ńkọ́?

Ẹ wa ọkọ̀ ó kéré tán kìlómítà 15 lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá yọ plug. Bí imú bá ní àwọ̀ bí eérú tàbí búráùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kò sí wàhálà.

Bí dúdú rẹ̀ bá tutù, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ni. Ẹ yẹ ọ́ìlì síìlì turbo, ti fáàfù, àti ríìngì piston wò. Kí wọ́n wọn kọ̀mpíréṣọ̀n, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó, nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbẹ bí ẹ̀yinkú, ẹ wo họ́ọ̀sì láti turbo dé ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ti wọ̀n ló ń jáde níbi tó ya, epo á wá pọ̀ jù. Síìlì àti họ́ọ̀sì wọ̀nyí ni kí ẹ náwó lé lórí, kì í ṣe plug.

Bí imú bá funfun báláú, tó lé ròrò, tàbí tí àmì fàdákà tíntìntín wà lára rẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn mọ́. Àmì fàdákà yẹn, aluminium piston ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí plug gbígbóná, epo tí wọ́n da kẹrosíìnì mọ́ àti omi rédíétọ̀ tó lọ sílẹ̀ náà ń fà á.

Fífi í sí i

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ fẹ́ eruku kúrò nínú kòtò plug kí ẹ tó tú u, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí ìwé ọkọ̀ kò bá sọ àlàfo, 0.7 sí 0.8 mm ni fún turbo. Ẹ má fi irin gbún ẹnu plug iridium, èyí tí wọ́n fi irin tó ń jẹ́ iridium ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ lọ́ ọ títí yóò fi jókòó, kí ẹ tó mú spánà oníwọ̀n: 25 sí 30 Nm fún ìlọ́ 14 mm, 15 sí 20 Nm fún 12 mm, tí tọ́ọ̀pù sílíńdà bá jẹ́ aluminium. Bí kò bá sí spánà oníwọ̀n, plug tuntun tó ní wáṣà, ìlàjì àyíká kan lẹ́yìn ọwọ́. Plug tó dẹ̀ kò lè gbé ooru jáde, ó ti di gbígbóná nìyẹn bó ti wù kí nọ́ńbà rẹ̀ tutù tó. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé ọkọ̀, ẹ sì dúró ti mẹkáníìkì títí yóò fi tú páálí wọn lójú yín.