Ẹ Má Tíì Da Tínà Sí I O! Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Téèyàn Bá Fẹ́ Bó Ọ̀dà Àtijọ́ Lára Kíìtì Oníke

Àwa tá a ń to mọ́tò àti ọkọ̀ òfurufú kékeré oníke ní Èkìtì níbí ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìbéèrè kan ò tán lẹ́nu wa: ẹnì kan ra kíìtì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ike téèyàn máa ń tò pọ̀, lọ́wọ́ ẹlòmíì, onítọ̀hún ti tò ó dé àárín, ó ti kùn ún, ọ̀dà ọ̀hún nípọn débi pé èèyàn ò rí ìlà ara ẹ̀ mọ́, báwo ló ṣe máa bó o? Bó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn bọ̀dá tó ń kun mọ́tò ní Àdó, "da tínà sí i" ni wọ́n máa sọ. Wọn ò parọ́ o, irin làwọn ń bá ṣiṣẹ́, ike ni tiwa.

Pọlisitáírìn ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kíìtì, ìran kan náà ni pẹ̀lú páàkì funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí lóde àríyá. Ẹni tó bá ti rí bí bẹntiróò ṣe ń jẹ páàkì yẹn rí, kò yẹ kó tún máa béèrè. Tínà, bẹntiróò, asitóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní asitóònù gan-an, nǹkan míì tó ń jẹ ike ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Ojú ike á kọ́kọ́ máa dán, á wá máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, àwọn orí ríbẹ̀tì wẹẹrẹ á yọ́ wọlé, ibi tẹ́ ẹ bá fi ìka dì mú, àmì ìka yín á wà níbẹ̀ títí ayé.

Àwọn míì á ní àwọn ò lo tínà, àmọ́ wọn ò wo irú ọ̀dà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ akíríìkì, ìyẹn ọ̀dà tó ṣeé fi omi pò, irú èyí tí Tamiya àti Vallejo ń ṣe, methylated spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì máa ń ká a. Tó bá jẹ́ ẹnámẹ̀lì, ìyẹn ọ̀dà olóròóró, irú ti inú agolo Humbrol kékeré yẹn, ẹ lè fi spirit fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní fẹ́ kúrò. Bréèkì ọ́ìlì ló ń bó ìyẹn, èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, ẹ má ra DOT 5, sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má sì ṣe é lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò Dádì o, torí ọ̀dà mọ́tò náà ló máa bó! Ẹyọ ike tó ṣẹ́kù lára férémù tí wọ́n so àwọn ẹ̀yà mọ́, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rì sínú ẹ̀ sùn, bí kò bá rọ̀ tí kò sì sán, ẹ wá máa bá iṣẹ́ lọ.

Ibi tó ń ba kíìtì jẹ́ jù lójú tèmi rèé: nǹkan téèyàn ti tò dé àárín, ó ní inú. Bí wọ́n bá ti lẹ ara ọkọ̀ òfurufú pọ̀ tàbí ìyẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rì í sínú bréèkì ọ́ìlì, díẹ̀ á wọ inú lọ lójú àlàfo tín-ín-rín, á jókòó síbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, ẹ máa fọ ara ẹ̀ mọ́, ẹ máa kùn ún tuntun, ó máa rẹwà, lẹ́yìn náà lọ́ìlì á wá máa sun jáde lójú ìlà ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ọ̀dà tuntun á wú, á ṣí. Torí náà ẹ má rì í, búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi máa pa á lára. Tó bá ti wọlé ná, ẹ lu ihò kékeré síbi tójú ò tó, ẹ fi síríǹjì fín omi ọṣẹ sínú, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ kó ro. Lásìkò òjò wa yìí kì í tètè gbẹ o, ẹ ní sùúrù.

Súpágúlù àti pọ́tì tí wọ́n fi dí àlàfo náà lè tú. Gíláàsì iwájú tí wọ́n fi ike ṣe ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ tó bá ṣeé yọ, torí spirit lè mú kó sán wẹẹrẹwẹẹrẹ.

Dettol aláwọ̀ búráùn náà máa ń ṣiṣẹ́ lára akíríìkì, àmọ́ àwọn èèyàn á gbé e jáde nínú ẹ̀, ó di abẹ́ ẹ̀rọ omi, kíá lọ̀dà tó ti rọ̀ á di nǹkan kan tó ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi. Dettol gan-an ni kẹ́ ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ̀, kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ títí ọ̀dà á fi lọ, kẹ́ ẹ nù ún, ká tó wá sọ̀rọ̀ omi àtọṣẹ. Omi náà, kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé ní Ìkògòsí, ẹ má gbé omi híhó wá, ìyẹ́ á ká kò. Hypo ò bó ọ̀dà, dídán fàdákà ara bọ́ńpà nìkan ló ń ṣí, ẹ má sì pò ó mọ́ spirit tàbí Dettol láé, èéfín burúkú ló máa tibẹ̀ jáde.

Ẹ má sì ṣe é ní kíṣìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ spirit, ẹ dé e, ẹ lọ sùn.

Ẹni tó bá fi sándípépà há a, ríbẹ̀tì àti ìlà ló ń há lọ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tẹ́ ẹ gbẹ́ ṣóńṣó tó láti yọ èyí tó há sínú ìlà. Nígbà míì, ike funfun á ṣì pọ́n díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀dà pupa ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹlòmíì á máa fọ̀ ọ́ lọ, á tún padà sórí tínà. Ó ti wọnú ike nìyẹn, kì í ṣọ̀dà mọ́, ẹ fi í sílẹ̀, práímà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa fi tẹ́ ẹ nídìí, máa bò ó.