Owó Ọkọ̀ Ọmọ Iléèwé Láti Àdìgbẹ Dé Kútọ̀: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, mo ka 3,000 náírà lé àkọ́bí mi lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ òun àti àbúrò rẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo ti ṣírò rẹ̀ dáadáa: láti Àdìgbẹ dé Kútọ̀ nílùú Abẹ́òkúta níbí, 300 ni àgbà ń san nígbà náà, ọmọ iléèwé ń san ìdajì, ìyẹn 150. Ọmọ méjì, àlọ àti àbọ̀, 600 lójúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún, 3,000. Kò yẹ kó lé, kò yẹ kó dín.

Ní Ọjọ́rú, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọmọ ní owó ti ń tán o, ó ku 600. Mo bínú. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, mo ní ó ti fi owó ọkọ̀ ra bisikíìtì, pé bí olè ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà ò fèsì, omi kàn ń dà lójú ẹ̀. Ó gbé báàgì, ó fa àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Wọ́n wọ ọkọ̀ dé Pànṣẹ́kẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù dé iléèwé wọn tó wà lẹ́yìn Kútọ̀, kí 200 tó kù lè gbé wọn láti Pànṣẹ́kẹ́ padà sílé lọ́sàn-án. Wọ́n pẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n gé koríko. Ará àdúgbò wa kan tó rí wọn lẹ́bàá títì ló wá sọ fún mi ní ìsọ̀ mi l'Ìtòkú. Ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 11, nínú oòrùn, pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn! Mo ká àdìrẹ mi kúrò lórí tábìlì ní agogo méjì ọ̀sán, mo lọ sílé. Mi ò lè tajà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lálẹ́, mo bi wọ́n léèrè ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n ṣàlàyé, àmọ́ àlàyé náà dà bí àhesọ létí mi. Mo ní ó dáa, láti ọ̀la, èmi fúnra mi á bá yín wọkọ̀, màá mọ ibi tí owó mi ń gbà lọ.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ti wà ní ìyànà. Mo ní kí wọ́n máa lọ níwájú, mo fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Kórópe àkọ́kọ́ dé, kọ̀ńdọ́ ń ké, "Kútọ̀! Kútọ̀! Kútọ̀ o!" Kí àwọn ọmọ tó gbẹ́sẹ̀, ó ti na apá dí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ọmọ iléèwé, owó àgbà ni o. Tẹ́ ẹ ò bá ní i, ẹ sún sẹ́yìn." Ìkejì ò tilẹ̀ dúró. Ó rí yúnífọ́ọ̀mù, ó tẹná mọ́ ọkọ̀. Ìkẹta pe Kútọ̀, ó ní 200 ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn san. Mo rò ó nínú mi pé ó kúkú ṣàánú díẹ̀, nítorí owó àgbà kò ju 300 lọ. Èmi náà bọ́ sínú ọkọ̀, mo san 200. A kọjá Oníkòkò. Nígbà tí a dé Pànṣẹ́kẹ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ó parí síbí o! Ẹ̀yin Kútọ̀, ẹ wọ ti iwájú!"

Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. A wọ òmíràn. A tún san 200.

Àṣé bó ṣe ń rí nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń gba owó àgbà lọ́wọ́ ọmọdé nítorí pé àárọ̀ ni, èrò pọ̀, ọmọ ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. 400 lórí ọmọ kan, 800 lórí méjèèjì, kí iléèwé tó wọlé. Lọ́sàn-án, wọ́n ń gba owó ọmọ iléèwé, àmọ́ wọ́n ṣì ń gé ọ̀nà náà, 100 níbí, 100 lọ́hùn-ún, 400 nìyẹn fún méjèèjì. 1,200 lójúmọ́, ìlọ́po méjì ohun tí mo ṣírò. Ọmọ mi ò ra bisikíìtì kankan. Lábẹ́ bíríìjì Kútọ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá bẹ ọmọ, mi ò sì tijú ẹnikẹ́ni tó ń wò wá.

Mo mọ̀ pé epo wọ́n. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó di oṣù Keje ó ti di 617 láwọn ilé epo kan. Awakọ̀ kọ́ ló ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi náà kọ́.

Mo bá wọn lọ láàárọ̀ mẹ́rin: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mò ń pẹ́ dé ìsọ̀, oníbàárà mi kan tó wá láti Ìbàdàn bá ìsọ̀ ní títì, ó lọ ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó dùn mí títí dòní. Síbẹ̀, àárọ̀ mẹ́rin yẹn ló jẹ́ kí n mọ ọkọ̀ yà sọ́tọ̀.

Ọkọ̀ ìgboro Abẹ́òkúta kì í gbé nọ́ńbà ọ̀nà sára. Ẹnu kọ̀ńdọ́ nìkan ló ń sọ ibi tó ń lọ, ẹnu náà sì lè yí padà kó tó dé Oníkòkò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ní ìwà. Èyí tó bá tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń kérò, tó já tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló máa ń dé Kútọ̀, torí ó fẹ́ tò sórí ìlà lọ́hùn-ún kó lè kérò bọ̀. Èyí tó bá ń he èrò lójú títì, Pànṣẹ́kẹ́ ló máa ń já sí, torí èrò kì í wọ́n níbẹ̀, ó sì yára fún un láti yí padà. Takisí tó ń kó iwájú méjì, ẹ̀yìn mẹ́rin ò ní kọ̀ńdọ́ rárá, awakọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ̀ẹ́ bi, kẹ́ ẹ sì bi í kẹ́ ẹ tó jókòó: "Ṣé ẹ̀ ń dé inú Kútọ̀ gan-an?" Bó bá ní "ẹ wọlé ná," ẹ má wọlé.

Àbúrò ló wá fi ọgbọ́n tí èmi ò ní kún un. Ó ní, "Màámi, ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀." Òótọ́ ni. Kò sí kórópe tí wọn ò kọ nǹkan sí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀: "Ìyá Ni Wúrà," "Ẹlẹ́dàá Mi," "Kò Sẹ́ni Tó Mọ̀la." A mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, a ń kọ ọ́: ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ibi tó pè, ibi tó já sí, iye tó gbà. Láàárọ̀ mẹ́rin náà, a kọ ọkọ̀ 11 sílẹ̀. Mẹ́fà ń dé Kútọ̀. Márùn-ún ń gé ọ̀nà. Ọmọ ọdún 11 yẹn ti wá mọ̀ wọ́n débi pé iná iwájú ọkọ̀ nìkan ló máa rí nínú ìkùukùu, á ní, "Ìyá Ni Wúrà ló ń bọ̀ yẹn, ojú kan ẹ̀ ò tàn." Orí mi wú. Ohun kan ló kọ́kọ́ dà wá láàmú: "Kò Sẹ́ni Tó Mọ̀la" ń dé Kútọ̀ láàárọ̀, ó sì ń gé ọ̀nà lọ́sàn-án. A pẹ́ ká tó mọ̀ pé ẹni tó ń wà á láàárọ̀ kọ́ ló ń wà á lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa wo ojú awakọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ owó àgbà ṣì wà nílẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, mo lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń dúró de kí ọkọ̀ rẹ̀ kún. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ọmọ iléèwé ṣe fún yín?" Kò bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n ṣírò ẹ̀ fún yín. Èrò méje ni mò ń gbé. Méje ní 300-300, 2,100 nìyẹn. Tí méjì nínú wọn bá jẹ́ ọmọ iléèwé, ó di 1,800. Mo ti pàdánù ìjókòó kan, epo ò sì mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà."

Mo dákẹ́. Mo wo àwọn ọmọ mi, bí wọ́n ṣe tín-ín-rín tó. Mo ní, "Sà, ta ló ní kí wọ́n jókòó sí àyè méjì?" Ọmọ méjì, ìjókòó kan, 300. Owó rẹ̀ pé, owó tèmi náà pé. Bàbá náà wò mí, ó sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹ máa gbé wọn wá." Ká ní mo ti bi awakọ̀ léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, oníbàárà mi ti Ìbàdàn ì bá má lọ. Láti ọjọ́ náà, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ni àkọ́bí á ti sọ ọ́ sókè: "Àwa méjì, ìjókòó kan, 300." Ẹni tó bá gbà, wọ́n á wọlé. Ẹni tó bá kọ̀, òmíràn ń bọ̀ lórí ìlà.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣéńjì ni mi ò rò mọ́ ọn.

"Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o! Mi ò ní ṣéńjì o!" Gbogbo wa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, a ń ṣe bí ẹni pé a ò gbọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 500 kan ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ṣéńjì wọn jẹ́ 200. Èmi náà fi 500 sílẹ̀ fún 300 mi, bẹ́ẹ̀ náà ni èrò mẹ́ta mìíràn. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Kútọ̀, kọ̀ńdọ́ fa 1,000 kan ṣoṣo yọ, ó nà án sí ọkùnrin tó jókòó níwájú. Ó so wá pọ̀. "Ẹ̀yin márààrún, 200-200, ẹ lọ pín in." Ọkọ̀ lọ.

Èrò márùn-ún lábẹ́ bíríìjì, tí wọ́n ń tẹ̀ lé 1,000 náírà kiri bí ẹni ń tẹ̀ lé òkú. Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun ò tíì tà. Ẹni tó ń ta káàdì ní kí a ra káàdì. Ọmọkùnrin POS ní 500 méjì ni òun ní, 500 méjì ò sì ṣe é pín fún èèyàn márùn-ún. Arábìnrin kan láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkùnrin tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé òun ló ni ọkọ̀. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú 25. Olómi inú ọ̀rá ló gbà wá níkẹyìn, lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ra omi tí kò fẹ́ mu. Àwọn ọmọ mi tún pẹ́, èmi tí mo wà pẹ̀lú wọn, ojú mi ló ṣe.

Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. 300 ni wọ́n ń san, 300 géérégé ni màá máa fún wọn. Ìyẹn ni pé mo nílò 200 mẹ́wàá àti 100 mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, kó jáde lọ wá a. Mo tò sí báǹkì, 1,000 ni wọ́n kó fún mi, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní kékeré ò sí. Mo lọ bá àwọn oní-POS mẹ́ta, 500 àti 1,000 ni. Ní ìsọ̀ mi l'Ìtòkú, oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú owó wá mọ́, tránsífà ni wọ́n ń ṣe. 200 ṣì ṣe é rí. 100 ni iṣẹ́: èyí tí mo bá rí, ó ti ya láàárín, tàbí ó ti gbó débi tí kọ̀ńdọ́ á fi jù ú padà sí ọmọ lára. Mo fi ọjọ́ mẹ́fà gbáko wá owó tí mo ní!

Ìyá alákàrà ìyànà wa ló yọ mí. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń ra àkàrà rẹ̀ jù, 100 àti 200 ló ń kún igbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé. Ó ní kí n máa wá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Mo ń gbé 3,000 lọ, ó ń ka owó wẹ́wẹ́ fún mi, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ya mo ń dá a padà, kò sì bínú. Mo di 200 kan àti 100 kan sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá mẹ́wàá, àlọ márùn-ún, àbọ̀ márùn-ún. Ọ̀rá méjì ni àkọ́bí ń mú jáde lójúmọ́. Owó ọ̀sẹ̀ náà padà sí 3,000. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tún gé koríko nítorí ọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ méjì, ẹ lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọ́mọ kan, kó wá ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń lọ, kí wọ́n di méjì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dúró sí ìyànà. Ẹ jẹ́ kó rìn padà síbi tí ọkọ̀ ti ń tò, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Owó ọkọ̀ ti gòkè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí lítà epo dé nǹkan bíi 1,000, Àdìgbẹ sí Kútọ̀ di 500, a sì gbé òfin wa lọ síbẹ̀: àwa méjì, ìjókòó kan, 500. Ìwé àkọsílẹ̀ náà ṣì wà nílé, ọkọ̀ inú rẹ̀ ti di 19. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá tó kọ́kọ́ gbà fún wa wo àbúrò nígbà tó ń wọlé, ó ní, "Màmá, ọmọ yín ti ń ga o." Mo wò ó, mo rí i pé orúnkún rẹ̀ ti kan ìjókòó iwájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.