Bí mo ṣe ta ìwé àti àwo orin tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi sílẹ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi papò dà, tí ẹbí sì fẹ́ tún ilé wọn ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní Benin, èmi ni wọ́n ní kí n palẹ̀ yàrá ìwé wọn mọ́, kí n ta èyí tó bá ṣeé tà. Tíṣà ni Bàbá, wọ́n kàwé, wọ́n sì gbádùn orin. Páálí ìwé kún yàrá náà dé ojú fèrèsé, àwo orin sì wà lórí pẹpẹ lọ́tọ̀. Àwọn kan láàárín wa fẹ́ ká pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, kó wá kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ọjà lákòópọ̀, èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ló fi ń díye lé èyí tó dára jù.

Ìwé ilé-ìwé ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, nítorí òun ni kò ní sùúrù. Bí ìjọba bá ti pààrọ̀ ètò ẹ̀kọ́, ìwé àná ti di ohun tí wọ́n ń fi pọ́n àkàrà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣì ń lò, ìgbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án ni ọjà rẹ̀ ń yá. Mo gbé wọn fún ìyá kan tó ń tàwé lẹ́bàá ọjà Ouando, mo sì ní kó má gbówó lé e. Mi ò rò pé ara ìwé ọmọdé ló yẹ kéèyàn ti máa wá èrè ńlá.

Ìwé tó kù ló gba ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ìwé bá ṣe gbó tó ló ṣe níye lórí tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díkíṣọ́nárì Faransé ńláńlá tí Bàbá ń fọwọ́ pa lójoojúmọ́ kò rí ẹni bèèrè rẹ̀, nítorí wọ́n tẹ irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ náà nìyẹn, ó wà ní ilé gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ wo Doguicimi, ìwé Paul Hazoumé tí í ṣe ọmọ Àjàṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Larose tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris ní 1938, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1978. Ìtàn kan náà ló wà nínú méjèèjì, síbẹ̀ èyí àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń kó ìwé jọ ń wá lójú méjèèjì. Kéèyàn má wulẹ̀ wo èèpo ẹ̀yìn. Kó ṣí ojú ewé ìkẹyìn, ibẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé Faransé sábà máa ń kọ oṣù àti ọdún tí iṣẹ́ parí sí.

Ti 1978 ni ti Bàbá. Wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ nǹkan sí etí ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: níbi tí orúkọ oyè ààfin Dáhòmì bá ti jáde, wọ́n á kọ irú oyè tó jọ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wínníwínní, wọ́n á sì fi àmì ìbéèrè síbi tí kò bá dá wọn lójú. Ọkùnrin tó fẹ́ rà á ní àwọn ìkọ̀wé yẹn ti ba ìwé jẹ́. Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tèmi, ìwé tí ọ̀mọ̀ràn ti bá jiyàn báyìí ti kúrò ní ọjà títà.

Mo yọ èyí tí ikán ti kàn kúrò lára àwọn yòókù kíákíá. Èyí tó ti rin, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí bébà gbẹ dáadáa ní ìlú wa, abẹ́ ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni mo sá a sí. Oòrùn gangan a máa mú kí bébà pọ́n, kó sì ká kò.

Àwo orin ló gbà mí lákòókò jù, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Etí àwo ni kéèyàn ti máa dì í mú, kó má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mo máa ń gbé e sún mọ́ fèrèsé, kí n dà á ní ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè sáré lórí rẹ̀. Bó bá họ, mo máa ń fi èékánná yẹ ibẹ̀ wò jẹ́jẹ́. Èyí tí ojú rí tí èékánná kò kọ́, ariwo díẹ̀ ló máa mú wá. Èyí tó bá kọ́ èékánná, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yóò ti máa fò. Lẹ́yìn náà ni mo ka bébà àárín rẹ̀, àti nọ́ńbà wínníwínní tí wọ́n fín sára àwo létí bébà náà, nítorí òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà títẹ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Àwo Albarika Store, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde ní Benin níbí, lẹ́tà ALS ló ṣáájú nọ́ńbà wọn.

Àwọn àwo àtijọ́ tó ń yí lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan wúwo, wọ́n sì máa ń fọ́ bí àwo tánganran. Ẹ má fi ọtí spírítì nù wọ́n láé. Yóò jẹ ojú wọn. Omi díẹ̀ àti aṣọ múlọ́múlọ́ ti tó.

Nípa iye owó, Haruna Ishola àti Yusuf Olatunji kò wọ́n púpọ̀, nítorí àwo wọn pọ̀ nílẹ̀. Àgbà tó gbádùn orin ló ń rà wọ́n, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Pé owó Àpàlà àti Sákárà kéré kò sọ orin náà di kékeré. Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ olórin Kùtọ̀nú, ló dà bíi wúrà fún àwọn tó ń kó àwo jọ, pàápàá láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì ti kó orin Benin àti Togo ti àwọn ọdún 1970 jáde ní 2008.

Kí oníbàárà tó dé láti Kùtọ̀nú, mo ti wo Discogs, ibi tí wọ́n ti ń ta àwo orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí ẹni tó ń tà ń bèèrè kì í ṣe nǹkan kan. Iye tí ẹnìkan ti san rí ni mo kọ sílẹ̀, mo sì yọ owó ìfiránṣẹ́ àti èrè oníbàárà náà kúrò níbẹ̀.

Ó dé, ó wo pẹpẹ lójú kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fún yín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n fún gbogbo rẹ̀, ká parí ẹ̀."

"Àbúrò mi, jókòó ná. Gbọ́ ọ kí o tó díye lé e."

Mo gbé Poly-Rythmo kan sórí ẹ̀rọ. Gìtá bọ́ sílẹ̀, ìlù tẹ̀ lé e, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ ti fò títí tó fi parí. Ó gbé àwo náà sọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Èyí ò họ rárá o. Àmọ́ Bàbá ti fi bírò kọ orúkọ sí èèpo rẹ̀."

"Yọ ti orúkọ kúrò nínú owó, kí o san ti àwo."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó san lórí àwo mẹ́rin péré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tó ti fẹ́ fi kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sí àwo tó ṣọ̀wọ́n tó kúrò nílé kí n tó gba orin inú rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ti ní tirẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú wa níbí, mi ò tà wọ́n. Mo kó wọn lọ sí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Benin tó wà ní Àjàṣẹ́, wọ́n sì gbà wọ́n. Díkíṣọ́nárì Bàbá wà ní ilé-ìwé tó wà nítòsí wa, àwọn ọmọ sì ń lò ó.