Bí èso bagaruwa ṣe jẹ owó ẹ́ńsáìmù mi ní Zaria

Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo fi dúró de ìgò ẹ́ńsáìmù kékeré kan tí mo fi owó ara mi rà láti òkè òkun, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo sì fi ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sórí èso kan ṣoṣo tó tàn mí jẹ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí mò ń wá ni ewé tàbí èso tó lè dí alpha-glucosidase lọ́wọ́, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń parí sísọ oúnjẹ di ṣúgà nínú ìfun; irú ìdílọ́wọ́ yìí ni oògùn acarbose ń ṣe fún àwọn alátọ̀gbẹ. Sísá, lílọ̀ àti rírẹ ewé kò le, n kò ní í sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ewúro, ẹ̀jìnrìn àti èso bóóní, tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa, ni mo rà ní Sabon Gari.

Bí ẹ́ńsáìmù náà bá ń ṣiṣẹ́, yóò gé pNPG, ìyẹn kẹ́míkà tí a fi ń dán an wò, omi inú ìgò yóò sì ní àwọ̀ ìyeyè tí ẹ̀rọ ń fi ìmọ́lẹ̀ 405 nm wọ̀n. Lẹ́yìn tí mo yọ àwọ̀ ti èso náà fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, ìgò bagaruwa kò ní àwọ̀ kankan. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́fà, mo ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ẹ́ńsáìmù sì ń tán lọ.

Ìgbà tí mo padà lọ ra sí i ni ìyá eléwé ọmọ bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé awọ lo fẹ́ fi ṣe ni? Àwọn tó ń ṣe awọ ló máa ń rà á tó báyìí." Mo ní, "Rárá o, Mama," ṣùgbọ́n ara mi ti tutù. Táníìnì inú èso yẹn ni í dì mọ́ púrótéènì ara awọ tí awọ kì í fi í jẹrà, púrótéènì sì ni ẹ́ńsáìmù mi náà. Gbogbo púrótéènì tó bá bá pàdé ló ń dì mú, kì í ṣe èyí tí mò ń wá nìkan. Mo da omi èso náà sórí funfun ẹyin, ó dì kíákíá lójú mi. Nígbà tí mo fi PVPP, ìyẹn ìyẹ̀fun kan tí táníìnì máa ń lẹ̀ mọ́, fa táníìnì náà kúrò, agbára bagaruwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ẹyin kan ṣoṣo ì bá ti sọ èyí fún mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kí n tó ṣí ìgò olówó iyebíye yẹn rárá!

Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni mo lò fún ewúro, lẹ́yìn tí mo ti fi PVPP fọ̀ ọ́. Èsì rẹ̀ kò ga tó ti bagaruwa, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é tí kò yí padà, òun nìkan ni mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.