Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Sárésáré Ọlọ́nà Jíjìn Nínú Aṣálẹ̀ Sàhárà

Ìdíje Marathon des Sables, tí wọ́n ti ń sá ní gúúsù Mòrókò láti ọdún 1986, gùn tó nǹkan bí 250 kìlómítà, àwọn tó ń sá a ló sì ń gbé oúnjẹ ara wọn pọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n gbọ́dọ̀ tètè yan ibi tí yóò dúró sí, kí ó má sì rìn kọjá níwájú kámẹ́rà, nítorí pé ipa ẹsẹ̀ kò ní kúrò lójú iyanrìn títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbá a.

Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Oòrùn a máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo ìlà tí afẹ́fẹ́ fà sójú iyanrìn a sì hàn ketekete. Ọ̀sán gangan kàn ń sọ òkè iyanrìn di pẹrẹsẹ ni.

Ẹ má ṣe sún mọ́ sárésáré náà jù. Láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́ńsì 200 mìlímítà, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, yóò mú òkè ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì kéré lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá yà síra, torí pé bí wọ́n bá pàdé, a dà bí òpó.

Iyanrìn tó ń dán máa ń tan kámẹ́rà jẹ, fọ́tò a sì ṣókùnkùn. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú ìjì rárá, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ojú rẹ̀ kí ẹ tó nù ún, kí iyanrìn má baà họ gíláàsì.