Bí mo ṣe jẹ́ kí Debian àti FreeBSD jọ máa lo páátíṣọ̀n kan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láptọ́ọ̀pù tòkùnbọ̀ tí mò ń lò l'Ákùúrẹ́ níbí, ètò méjì ló ń gbé e ṣiṣẹ́: Debian, tó jẹ́ ẹ̀yà Linux kan, ni mo fi ń gé fídíò òde lórí ẹ̀, FreeBSD ni mo fi ń kọ́ iṣẹ́ sáfà. Mo ṣáà fẹ́ páátíṣọ̀n kan, ìyẹn apá kan tá a pín sọ́tọ̀ lórí dísíìkì, tí àwọn méjèèjì á ti lè ka fáìlì mi tí wọ́n á tún lè kọ ọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí páátíṣọ̀n pọ̀. FAT32 ni mo kọ́kọ́ lò nínú wọn torí kò síbi tí kì í ṣí. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ kó fídíò ìgbéyàwó kan tá a ká ní Ọ̀bá-Ilé síbẹ̀, 6 GB, ó dé 4 GB ó dúró gbagidi, kì í gba fáìlì tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò dẹ̀ mọ ẹni tó ni fáìlì. Kí Linux wá máa kọ nǹkan sí UFS, ìtò tí FreeBSD ń lò, ńkọ́? Àwọn tó ṣe kernel (ọkàn Linux) fúnra wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó léwu, mo yáa gba ẹ̀yìn. ZFS, ìtò mìíràn, náà wà, àmọ́ RAM mi 4 GB péré ni, mi ò fẹ́ wàhálà.

Ni mo bá lo ext2, ìtò Linux tí FreeBSD náà lè ṣí. Lórí Debian mo tẹ èyí láti fi to páátíṣọ̀n náà:

mkfs.ext2 /dev/sda5

Lórí FreeBSD (sda5 yẹn náà ló ń jẹ́ ada0p5 níbẹ̀ o), láti so ó mọ́ fódà /data:

mount -t ext2fs /dev/ada0p5 /data

Ó wọlé. Mo ní kí n tún fáìlì tí mo ti Debian kó wá ṣe, "Permission denied", ìyẹn ni pé mi ò láṣẹ. Háà! Orúkọ kan náà ni mo dẹ̀ ń jẹ́ lórí méjèèjì. Mo jókòó tì í di òru, kí n tó wá gbé e lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Arákálẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé orúkọ ló ń wò? Nọ́ńbà ló ń wò. Tẹ id." Lóòótọ́, 1000 ni mí lórí Debian, 1001 lórí FreeBSD, ibi tí kálukú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèyàn nìyẹn. Mo wọ Debian bíi root (ọ̀gá ẹ̀rọ), mo fi usermod -u àti groupmod -g sọ ara mi di 1001, mo ṣe chown -R sórí /data kí gbogbo fáìlì ibẹ̀ lè di tèmi, ó tán.

Ọjọ́ kẹta wọ́n mú iná lọ, bátìrì mi ò dẹ̀ lè dá dúró, FreeBSD ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tíná dé ó kọ̀ jálẹ̀ láti ṣí páátíṣọ̀n yẹn, ó ní àfi kí n ṣe fsck (àyẹ̀wò àti àtúnṣe ẹ̀), torí ext2 ò ní journal, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Mo padà sí Debian, mo tẹ e2fsck -f /dev/sda5, mo ń tẹ y, y, y bí ẹni ń gbàdúrà. Fídíò ò ṣe nǹkan kan, fáìlì kékeré kan ni mo lọ bá nínú lost+found (fódà tí fsck ń kó fáìlì tó bá já sí), nọ́ńbà ló ti di orúkọ ẹ̀.

Hibernate Debian náà (kó tọ́jú ohun tó ń ṣe sórí dísíìkì kó tó sùn), mo ti pa á. Tó bá sùn láìtú páátíṣọ̀n yẹn sílẹ̀, tí FreeBSD wá lọ kọ nǹkan síbẹ̀, tí Debian bá jí á rò pé bó ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà, ni yóò bá gun gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bátìrì ni mò ń tọ́jú owó ẹ̀ báyìí.